Ọgbà Àwọn Tí Kò Padà Wá Sílé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń dínkù, tí koríko sì ti ga dé orúnkún ní àyíká ilé Ọlọ́run, iṣẹ́ kan wà tí a kì í háyà ẹnikẹ́ni láti ṣe ní ìjọ tiwa. Ní Ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi a gbé ọkọ́ àti àdá, a ó sì kọjú sí ọgbà ibojì tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ó ro ó, a ó gbá a, a ó gbé òkúta tí ó bá wó nàró, a ó sì gbin òdòdó sí ojú oórì tí kò bá ní. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Tíṣà, èé ṣe tí ó fi jẹ́ oṣù yìí?" Ìdáhùn kúkúrú ni mo ti máa ń fún wọn, kí iṣẹ́ má baà dúró. Ní ọdún yìí mo pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún, nítorí ó gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ lọ. Ó sì kan ẹnì kan nínú ìdílé mi tí kò ní ibojì nínú ọgbà náà, tàbí nínú ọgbà mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni oṣù náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti Oṣù Kẹsàn-án títí di Oṣù Kọkànlá ni ìgbà ìwọ́wé. Ewé igi a pọ́n bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọ̀sán, a sì wọ́ dà sílẹ̀. Oòrùn a máa tètè wọ̀. Òtútù a dé, àgbẹ̀ a sì ti kó irè rẹ̀ wọlé. Ní ọdún 835 ni Póòpù Gregory Kẹrin mú kí a máa pa Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ mọ́ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá káàkiri ilẹ̀ ọba àwọn Faranki. Ní nǹkan bí ọdún 998, Odilo, ẹni tí í ṣe olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Cluny ní ilẹ̀ Faransé, pàṣẹ pé kí àwọn ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ máa gbàdúrà ní ọjọ́ kejì oṣù náà fún gbogbo àwọn tí ó ti kú nínú ìgbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tàn kálẹ̀. Nígbà Àtúnṣe Ìjọ, Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọjọ́ kejì yẹn kúrò nínú Ìwé Àdúrà, ṣùgbọ́n ó pa ọjọ́ kìíní mọ́, èyí ni ó sì dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Èmi kò sọ pé ewé tí ń wọ́ ni àwọn baba wọ̀nyí wò kí wọ́n tó yan ọjọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ náà ní ilẹ̀ wọn yóò rí ìwàásù kejì lórí igi. Ẹni tí ó bá jáde ní ọ̀dọ̀ wa, koríko tútù ni yóò rí, àti ìgbín.

Ìwọ́wé kejì ni ó wá mú oṣù náà wúwo. Ní ọjọ́ 11, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1918, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní àyájọ́ rẹ̀ ní ọdún 1919, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ní agogo kan náà. Ní ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta òdòdó pupa tí a ń pè ní pọ́pì káàkiri ilẹ̀ náà fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ológun tí ó fara gbọgbẹ́. Òdòdó yìí, igbó oko lásán ni. A máa hù ní ibi tí a bá ti tú ilẹ̀, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ lè sùn nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kàn án. Nígbà tí àgbá ńlá tú ilẹ̀ Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí a sì ń gbẹ́ ibojì lórí ibojì, pọ́pì hù bo gbogbo rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ ìbá fi ọkọ́ tu dànù ni ó di àmì ìrántí.

Ṣáájú kí ogun náà tó parí ni ọ̀gbẹ́ni kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fabian Ware ti rí i pé bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ibi tí a sin olúkúlùkù sí sílẹ̀, wọn yóò sọnù. Akitiyan rẹ̀ ni ó mú kí a dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ibojì àwọn ológun sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọba ní ọjọ́ 21, Oṣù Karùn-ún, ọdún 1917. Òfin mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà gbé kalẹ̀ tí ó yẹ kí a fiyè sí. Èkíní, a kì yóò gbé òkú ẹnikẹ́ni padà sílé, ìbáà jẹ́ ọmọ olówó. Níbi tí wọ́n ṣubú sí ni wọn yóò sùn. Èkejì, òkúta ọ̀gá àti òkúta ọmọ-ogun lásán kò gbọdọ̀ tóbi ju ara wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ìran tàbí ìsìn ṣe ìyàtọ̀. Ẹ̀kẹta, ọgbà ni ibẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́. Ní ọdún 1916 ni Arthur Hill, láti inú ọgbà ọ̀gbìn ọba ní Kew, ti lọ wo àwọn ibojì ní Faransé láti mọ ohun tí a lè gbìn síbẹ̀. Obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọgbà, Gertrude Jekyll, ya àwòrán bí òdòdó yóò ṣe tò nínú mélòó kan nínú wọn. Wọ́n fẹ́ kí ó dà bí ẹ̀yìnkùlé ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá tí ó bá rin ìrìn àjò dé ibẹ̀ bá òdòdó tí ó mọ̀ pàdé.

Òfin èkíní yẹn dun ọ̀pọ̀ ìdílé, wọ́n sì jiyàn lé e lórí nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Oṣù Karùn-ún, ọdún 1920. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn baba ńlá tiwa, nígbà ogun abẹ́lé wọn, bí akíkanjú kan bá kú sí ojú ogun tí ó jìnnà, wọn a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a dì í, wọn a sì gbé e wá sílé láti sin ín pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tí à bá ṣe fún òkú fúnra rẹ̀. Nínú ilé ni ojú oórì ń wà, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó kú tí kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ó dé ilé, bí ẹni tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọgbà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí kò gbé ọkọ́ rí máa ń ṣìnà. Ọgbà tí a fi ìlànà ilẹ̀ tútù gbìn kò lè rọrùn ní ilẹ̀ olóoru. Àgbélébùú pákó ni wọ́n kọ́kọ́ ń rì mọ́ ibojì lójú ogun. Ní ilẹ̀ wa, kí òjò méjì tó rọ̀ lé e lórí ni ikán ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Koríko tí ó ń gba oṣù kan láti ga ní ilẹ̀ wọn, ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń gbà ní ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ a máa rì, òkúta a sì máa dagun. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ọgbà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Éṣíà, kì í ṣe òkúta gíga ni wọ́n gbé ró, bí kò ṣe òkúta kúkúrú tí a kan àwo idẹ mọ́ lórí. Ní ti òdòdó róòsì, èmi fúnra mi ti gbìyànjú rẹ̀. Alàgbà kan mú mẹ́rin wá fún wa láti Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilẹ̀ ti tutù. A fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, a bomi rin ín, a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó bí ọmọ tuntun. Ọ̀kan yọ òdòdó kan tí kò tó ẹyin ẹyẹlé, gbogbo wọn sì kú kí ọdún tó yí. Láti ìgbà náà ìdò ni mo ń gbìn. Pupa rẹ̀ kò kéré sí ti pọ́pì, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó hù.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wúwo jù ni èyí: ta ni ọgbà náà wà fún? Àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù láti ọdún 1914 títí di 1916. Ní Oṣù Kejìlá 1916 ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun wọn gúnlẹ̀ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bá àwọn ará Jámánì jà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tànsáníà lónìí. Ní Mahiwa, láàárín ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 18, Oṣù Kẹwàá 1917, wọ́n pàdánù ènìyàn púpọ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aláàárù wà, tí ń fi orí ru oúnjẹ àti ọta ìbọn, tí ebi àti àrùn sì pa ju ìbọn lọ. Òfin wí pé a kò gbọdọ̀ fi ìran ṣe ìyàtọ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n pa á mọ́ dé ìwọ̀n gíga. Ní Áfíríkà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1923, Guggisberg tí í ṣe gómìnà Gold Coast, ilẹ̀ tí í ṣe Gánà lónìí, fèsì fún ìgbìmọ̀ náà pé òkúta orí ibojì kì í ṣe ohun tí ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ yóò lóye tàbí tí yóò mọyì. Èmi ìbá fẹ́ kí ó wá sí ọgbà wa ní ọjọ́ Sátidé kan. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí a fi ibojì púpọ̀ sílẹ̀ fún igbó, kí a má sì kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ìgbìmọ̀ náà, tí ó ti yí orúkọ padà ní ọdún 1960 sí ti Kọmọnwẹ́lìtì, jẹ́wọ́ èyí fúnra rẹ̀ nínú ìròyìn tí ó tẹ̀ jáde ní Oṣù Kẹrin, ọdún 2021. Ìròyìn náà wí pé, ó kéré tán, 116,000 ènìyàn tí ó kú nínú Ogun Kìíní, bóyá tí wọ́n tilẹ̀ tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kan, tàbí tí a kò ṣe ìrántí wọn rárá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, 45,000 sí 54,000 mìíràn, tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn, ni a ṣe ìrántí fún lọ́nà tí kò dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ìgbìmọ̀ náà tọrọ àforíjì. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu.

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ti ìdílé mi wà. Ní ọdún 1943 ni a kó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì jọ, Dífíṣọ́ọ̀nù 81 àti 82, láti lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar lónìí. Àmì Dífíṣọ́ọ̀nù 81 ni aláǹtakùn dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, kí wọ́n tó lè wọ àfonífojì odò Kaladan, wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè àti inú igbó. Àdá, ṣọ́bìrì àti agbára apá ni wọ́n fi là á. Lẹ́yìn náà, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé mọ́, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀bá òkun tí ó wà nítòsí ibẹ̀ a máa gba òjò tí ó ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po méjì. Àwọn tí ó kú nínú igbó náà, wọ́n sin òmíràn sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọn kò sì rí òmíràn sin.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n rí i pé àwọn ọgbà ibojì kan, bí èyí tí ó wà ní Akyab, ṣòro láti dé àti láti tọ́jú, wọ́n sì kó àwọn òkú ibẹ̀ lọ sí Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Rangoon, sínú ọgbà kan tí a ṣí ní ọdún 1951. Ibojì tí ó lé ní 6,000 ni ó wà níbẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni gbọ̀ngàn olópòó kan wà tí a gbẹ́ orúkọ nǹkan bí 27,000 sí lára, àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Òjò ibẹ̀ ń dá ní Oṣù Kẹwàá bí ti wa gan-an, nítorí náà ní ọjọ́ 11, Oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ tútù àti koríko tuntun ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń ro ọgbà náà àti èmi tí mo ń ro tèmi, ìgbà kan náà ni a ń gbé ọkọ́.

Mo ti wá orúkọ ẹni tiwa nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ náà, èyí tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Níhìn-ín ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan. Nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ-ogun ní ilẹ̀ wa, akọ̀wé a bèèrè orúkọ, a sì bèèrè ìlú. Orúkọ ìlú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbà dípò orúkọ bàbá. Ẹni tí ń jẹ́ Òjò láti Ìbàdàn di Òjò Ìbàdàn. Bẹ́lò láti Ìlọrin di Bẹ́lò Ìlọrin. Oríkì kò sí níbẹ̀, agbo ilé kò sí níbẹ̀. Bí Òjò márùn-ún bá ti ìlú kan wá, kí ni ìyá wọn yóò fi mọ̀ wọ́n? Mo rí ẹnì kan tí ó lè jẹ́ òun. Ní ojú ewé mìíràn mo rí ẹlòmíràn tí ó lè jẹ́ òun pẹ̀lú. Mo pa ìwé náà dé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà ni. Ìyá àgbà ni ó tọ́ mi ní abúlé wa ní ilẹ̀ Èkìtì. Igun kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tí pẹ́rẹ́gún mẹ́ta dúró sí, tí a kò gbọdọ̀ da ilẹ̀ sí, tí a kò gbọdọ̀ so ewúrẹ́ mọ́. Bí àrọ̀kúrò bá ti dá, òun fúnra rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀, a ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, a sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ó ti ń ro ó. Mo bi í léèrè nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Màmá, ta ni ẹ sin síbẹ̀?"

"A kò sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ọkọ mi. Ibi tí mo ti ń kí ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Bọ́mà."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó tó sọ fún mi pé ẹlẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n òun kan padà dé ní ọdún 1946, pé ìyá wọn jókòó níwájú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró de irun àti èékánná. Ọkùnrin náà kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ní òjò rọ̀ ní gbogbo òru, odò kún, ó sì di àárọ̀ kí àwọn tó lè wá a. Ìyá wọn kò bá a wí. Ó dìde, ó lọ gé ẹ̀ka pẹ́rẹ́gún ní ojú ààlà oko ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e wá sílé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé pẹ́rẹ́gún ni a fi ń mọ ààlà oko, nítorí kì í kú bọ̀rọ̀. Bí a gé e lulẹ̀, a tún yọ. Àwọn olórìṣà a máa gbìn ín sí ojúbọ pẹ̀lú, èyí sì mú kí àwọn kan nínú ìjọ máa wò ó ní ìwòkuwò. Ní tèmi, igi kò mọ ẹni tí ó gbìn ín.

Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun kò sí ní Oṣù Kọkànlá mọ́. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Keje ọdún 1967, parí ní ọjọ́ 15, Oṣù Kìíní, ọdún 1970, ìjọba sì mú ọjọ́ náà dípò ọjọ́ 11. Láti ìgbà náà, nínú ọyẹ́ ni a ń gbé òdòdó síbi ìrántí, nínú ọyẹ́ ni a ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń ráhùn nígbà kan pé a ti ba àṣà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ojú sókè wo igi. Ní Oṣù Kọkànlá àràbà ṣì ní ewé lórí. Ní àárín Oṣù Kìíní, ó ti wọ́wé tán, tíìkì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé-ìwé sì ń wọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, ewé gbígbẹ a sì máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìwé. Ìjọba kò ro ti ewé nígbà tí ó yan ọjọ́, bí Póòpù Gregory kò ti lè ro ti Èkìtì. Síbẹ̀, ìwọ́wé ti wa ni ọjọ́ náà bọ́ sí.

Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi àti kíláàsì mi ń lọ sí ọgbà báyìí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ a ń lọ pẹ̀lú ọkọ́, ní ìgbà kejì pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà sùn nínú Olúwa, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni a sin ín sí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo padà sí ẹ̀yìnkùlé, mo gé ẹ̀ka mẹ́ta, mo sì rì wọ́n sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan kú, méjì yè, wọ́n sì ti ga jù mí lọ. Àwọn ọmọ a máa ka orúkọ tí ó wà lórí òkúta, wọn a sì bi mí pé ti ta ni àwọn pẹ́rẹ́gún. Mo ti sọ fún wọn. Ní Oṣù Kìíní tí ó kọjá, nígbà tí eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó gbé garawa omi bọ̀ láti ìdí kànga, tí omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Pẹ́rẹ́gún kò fẹ́ omi tó bẹ́ẹ̀. N kò dá a dúró.